Ẹran Inú Ẹyin: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dín Yukjeon ní Kòríà

Ẹ kú ìnáwó ọjà, nítorí ẹni tó bá ra ẹran lónìí ti náwó. Ọ̀rọ̀ ẹran náà ni mo sì bá wá. Kì í ṣe ẹran inú ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹran díndín wa tí à ń bọ̀ kó rọ̀ tán, ká tó wá dín in kó tún le. Ẹran màlúù tútù ni. Wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ìyẹ̀fun pa á lára, wọ́n á rì í bọnú ẹyin tí wọ́n ti lù, wọ́n á wá fi òróró díẹ̀ dín in lórí iná jẹ́jẹ́. Àwọn ará Kòríà ló ni oúnjẹ yìí. Yukjeon ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fíìmù àwọn ará Kòríà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i láìmọ ohun tí ẹ ń wò. Ẹ rántí ibi tí ọdún ti kù ọ̀la, tí ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé jókòó sílẹ̀, tí wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ kí òróró má ta sí ilé, tí páànù pẹrẹsẹ tó ń lo iná mànàmáná wà láàárín wọn, tí wọ́n ń dín nǹkan kan tó pupa rúsúrúsú, tí wọ́n sì ń tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ọparun hun. Jeon ni gbogbo ohun tí wọ́n ń dín yẹn. Ìdílé ńlá ni jeon, yukjeon sì jẹ́ ọmọ kan níbẹ̀.

Ẹja wà nínú ìdílé náà. Olú wà níbẹ̀, elégédé kékeré tí wọ́n gé róbótó wà níbẹ̀, àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n tò sínú ìyẹ̀fun pípò wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀wà lílọ̀ dín, tí wọ́n ń pè ní bindaetteok, ni wọ́n fi ń júwe ọjà Gwangjang ní Seoul, ọjà kan tó ti wà láti 1905. Àwa tí a dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada oníàkàrà ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè pé kí ni wọ́n rí nínú ẹ̀wà. Bí òjò bá sì ń rọ̀ ní Kòríà, jeon ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn á fà sí, jeon àti makgeolli, ọtí ìrẹsì wọn tó funfun. Àwọn kan ní ariwo òróró nínú páànù ló jọ ariwo òjò lórí òrùlé, òun ló ń rán wọn létí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ẹni tí òjò ká mọ́lé ò kúkú ní nǹkan mìíràn tó fẹ́ ṣe ju kó dáná lọ.

Ṣùgbọ́n yukjeon kì í ṣe ẹgbẹ́ elégédé àti àlùbọ́sà. Ẹran màlúù ni, ẹran màlúù ò sì fìgbà kan jẹ́ nǹkan yẹpẹrẹ ní ilẹ̀ náà. Lásìkò ìjọba Joseon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1392 tó sì wá sí òpin ní 1910, léraléra ni wọ́n ń ṣòfin pé kí ará ìlú má pa màlúù. Kì í ṣe pé ẹran ò dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Màlúù ló ń fa ohun ìtúlẹ̀ nínú oko, torí náà ẹni tó bá pa màlúù jẹ ti jẹ irinṣẹ́ oko. Àwa nílẹ̀ Yorùbá, ọkọ́ la fi ń ro oko tiwa, eṣinṣin tsetse kì í sì í jẹ́ kí màlúù ńlá pẹ́ nínú igbó, nítorí náà irú òfin bẹ́ẹ̀ ò bá wa fínra. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn tí agbára wọn ká a ń jẹ ẹ́ láìka òfin náà sí, àwọn yòókù ń retí ọjọ́ ọdún. Títí di òní, ẹran màlúù ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Hanwoo ṣì wọ́n gan-an. Bí mo bá wá rí ègé ẹran kan tí wọ́n gé fẹ́lẹ́ báyìí, tí wọ́n fi ẹyin bò kó lè fẹ̀ kó sì kún àwo, mo gbà pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹran ná ló gbọ́n ọgbọ́n náà.

Ọjọ́ ọdún tí mo wí yìí, méjì ló ga jù. Seollal ni ọjọ́ kìíní ọdún lórí kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn. Chuseok bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ kàlẹ́ńdà kan náà, nígbà tí òṣùpá bá yọ róbótó tí ìkórè sì ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ méjèèjì, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń tẹ́ tábìlì fún àwọn baba ńlá wọn, wọ́n á to oúnjẹ sórí rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á forí balẹ̀. Jeon kì í wọ́n lórí tábìlì yẹn. Kódà, òróró ìdáná wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ara wọn lásìkò Chuseok. Wọ́n á tò ó sínú páálí ẹlẹ́wà, wọ́n á sì gbé e fún ọ̀gá àti àna.

Ta ló ń dín in? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Baba ńlá ọkọ ni wọ́n ń bọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ló ń jókòó ti páànù. Iná jeon kì í ṣe iná tí èèyàn lè pa tì kó lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Ègé kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ kí wọ́n yí i, ègé kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ ojú. Bí ẹja bá tán, elégédé á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn elégédé ni ẹran. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá fi parí, ẹ̀yìn ti ń ro ìyàwó, òórùn òróró ti yó o, èyí tó kọ́kọ́ dín ti tutù pátápátá nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin sì ń béèrè ọtí láti pálọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ kan tí wọ́n sọ àárẹ̀ àti ìbínú tó máa ń bá àwọn ìyàwó lásìkò ọdún, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àìsàn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 2022, nígbà tí Chuseok ọdún yẹn ku ọjọ́ márùn-ún, ọ̀rọ̀ kan jáde láti Sungkyunkwan ní Seoul. Ilé ẹ̀kọ́ ìgbà Joseon ni Sungkyunkwan, òun náà sì ni ojúkò àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Confucius ní ilẹ̀ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó yẹ kó ní kí wọ́n máa dín jeon títí ayé, àwọn ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni dín ohunkóhun fún tábìlì baba ńlá. Wọ́n ní bí oúnjẹ ibẹ̀ bá pọ̀ tán, kó má ju oríṣi mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n tọ́ka sí ìwé Kim Jang-saeng, àgbà ọ̀mọ̀wé kan tó gbé ayé láàárín 1548 àti 1631, ẹni tó ti kọ ọ́ pé ohun olóróró kì í ṣe ohun tó bá ìbọ mu. Ẹ ò rí i bí? Ohun tí àwọn ìyàwó ti ń forí àti ẹ̀yìn rù nítorí pé àṣà ni, àwọn tó ń ṣọ́ ìwé àṣà gan-an ló wá ní kò sí níbẹ̀.

Ṣé gbogbo ilé wá gbé páànù sílẹ̀? Àwọn kan gbé e sílẹ̀. Àwọn kan ń lọ rà á ní dídín: òpópó kan wà nínú ọjà Gongdeok ní Seoul tó jẹ́ pé jeon ni wọ́n ń tò pelemọ níbẹ̀, tí ẹni tó ń rà á á máa ṣa èyí tó wù ú. Àwọn kan sì ń dín in lọ bí wọ́n ṣe ń dín in tẹ́lẹ̀, nítorí ìwé ìròyìn kọ́ ló ń ṣe olórí ilé ìdáná ìyá ọkọ.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí n tó dárúkọ ìyẹ̀fun àti ẹyin. Yukjeon tó ti tutù lórí tábìlì ọdún àti yukjeon tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná kì í ṣe oúnjẹ kan náà. Èyí tó tutù, ẹran rẹ̀ á ti ki, ẹyin rẹ̀ á ti fa òróró mu. Èyí tó gbóná, ẹyin rẹ̀ rọ̀, omi ẹran ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ń yọ́ lọ lẹ́nu. Àwọn ará Gwangju, ìlú ńlá kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kòríà, mọ èyí dájú. Yukjeon lókìkí níbẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tábìlì oníbàárà ni wọ́n ń gbé páànù wá. Ẹni tó ń dín in á rì í sínú ẹyin lójú yín, á dín in lójú yín, á gbé e sínú àwo yín, ẹ ó sì jẹ ẹ́ kí èéfín tó kúrò lára rẹ̀. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dín nílé: ìwọ̀nba díẹ̀, kó gbóná, kí ẹni tó ń dín in sì jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ti parí kí iná tó tàn, nítorí ọ̀dọ̀ alápatà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Kòríà, ẹ ó kàn wí fún alápatà pé yukjeon lẹ fẹ́ fi ṣe, á fi ẹ̀rọ gé e fún yín. Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni hongdukkaesal, ìṣù ẹran gígùn róbótó kan tó wà lẹ́yìn itan. Ẹran ìdí náà dára. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí kò lọ́ràá púpọ̀, tí kò ní iṣan, tí fọ́nrán rẹ̀ sì tò lọ ní ọ̀nà kan. Nínú ọjà tiwa, ẹran itan ni kí ẹ béèrè. Kìlógíráàmù kan ààbọ̀ kọ́ ni mo wí o. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ilé, 500 gíráàmù á tó yín, bí ẹ bá ní oúnjẹ mìíràn tí ẹ ó jẹ ẹ́ mọ́. Kí ẹ sì tètè sọ̀rọ̀ kí àdá tó balẹ̀, nítorí ìṣù-ìṣù ni ọwọ́ alápatà wa mọ̀ ọ́n gé sí. Bí ẹ bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e pẹlẹbẹ,” á wò yín, á ní, “Ṣé súyà lẹ fẹ́ ṣe ni, Mà?” Ẹ kàn dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn.

Nígbà tí a sì dárúkọ súyà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí jù láàárín wa ni mállàm tó ń ṣe kílíṣí. Ẹ wo bó ṣe ń fi ọ̀bẹ ṣí ẹran títí yóò fi fẹ̀ bí aṣọ. Bí irú rẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Bí kò bá sí, odidi ẹran náà ni kí ẹ gbé sínú fíríìsà títí ara rẹ̀ yóò fi gan, ṣùgbọ́n kí ọ̀bẹ ṣì lè wọ inú rẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí kan sí méjì, bí àwọn oníná bá fẹ́ràn yín lọ́jọ́ náà. Ẹran tó gan báyìí kì í yọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ náà dáadáa. Ẹ wo ọ̀nà tí fọ́nrán ẹran gbà tò lọ ní òòró, kí ẹ gé e ní ìdábùú. 3 mìlímítà ló dára kó nípọn mọ, ìyẹn ni pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà kan.

Ẹ má fojú kékeré wo ìdábùú yìí. Màlúù Hanwoo ń jẹ ọkà nínú ilé ẹran, ọ̀rá á sì wọ inú ẹran rẹ̀ lọ́nà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màlúù tiwa ti fi ẹsẹ̀ rìn, ó ti jẹ koríko gbígbẹ, wọ́n pa á láàárọ̀, a sì fẹ́ jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fọ́nrán irú ẹran bẹ́ẹ̀ yi. Bí ẹ bá gé e ní òòró, ẹ ó kàn máa jẹ ẹ́ lẹ́nu títí eyín yóò fi rẹ̀ yín, kò sí ẹyin tó lè gbà yín. Bí ẹ bá gé e ní ìdábùú, ọ̀bẹ ti bá eyín ṣe ìdajì iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ègé kọ̀ọ̀kan wẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi ṣóńṣó rẹ̀ gé etí rẹ̀ níbi mélòó kan. Awọ fẹ́lẹ́ tó yí etí ẹran ká ló máa ń sunkì bí iná bá rà á, òun ló ń mú kí ẹran ká kòǹkò nínú páànù.

Àwọn ará Kòríà máa ń fún omi èso píà sórí ẹran tó bá yi nínú àwọn oúnjẹ mìíràn. Àwa ní ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, agbára tirẹ̀ sì ju ti píà lọ. Ẹ̀kán díẹ̀ ló gbà, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ẹran á domi, kò ní ṣeé gbé mọ́.

Ohun tó kàn ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹran náà sórí tíṣù tàbí aṣọ mímọ́, ẹ tẹ́ òmíràn lé e, kí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí tíṣù bá pọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fo ibi yìí kọjá á rí i nínú páànù, nítorí omi pupa á gba inú ẹyin jáde, á ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, ìyẹ̀fun á sì di àtẹ. Ìgbà tí ẹran bá gbẹ tán ni kí ẹ fi iyọ̀ àti ata dúdú díẹ̀ wọ́n ọn, kó sì jẹ́ pé ẹ ti múra àtidín, nítorí bí iyọ̀ bá pẹ́ lára ẹran, á tún fa omi jáde. Àwọn mìíràn máa ń fi soy sauce, aáyù àti òróró yànmọ̀tí pa á lára. Èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀: soy sauce á sọ ẹran di dúdú, á sọ ọ́ di olómi, gbogbo wàhálà tíṣù wa á sì já sásán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi magí sí i. Ẹ má fi kọ́rì sí i. Ẹran àti ẹyin ni ẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu.

Kí ni ìyẹ̀fun wá ń ṣe níbẹ̀? Ẹyin kì í di ara ẹran tútù mú. Omi ara ẹran á lé e dànù, ẹ ó kàn rí i tí ẹyin lọ ní tirẹ̀ tí ẹran sì wà lóun nìkan. Ìyẹ̀fun ló ń fa omi yẹn mu, òun ló ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Fúláwà tí gbogbo wa mọ̀ dára. Àwọn tó fẹ́ kó fà díẹ̀ lẹ́nu máa ń lo ìyẹ̀fun ìrẹsì tó lẹ̀. Ẹni tó bá lọ ìrẹsì túwó kúnná ti súnmọ́ ọn. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, bí ẹni fi àtíkè sí ọrùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni kó rí lára ẹran. Ẹ gbọn ìyókù dànù. Ẹ má sì fi ìyẹ̀fun pa gbogbo ẹran lára lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ wá tò ó kalẹ̀. Ìwọ̀nba èyí tó fẹ́ wọ páànù ni.

Ẹyin mẹ́rin tó fún ìwọ̀n ẹran yìí. Ẹ fún un ní iyọ̀ díẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì lù ú títí funfun àti pupa yóò fi di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má lù ú títí yóò fi hó. Ẹni tó bá fẹ́ kó dán lè sẹ́ ẹ. Ẹ má fi mílíìkì sí i, ẹ má sì fi omi sí i.

Wàyí o, iná. Kì í ṣe agbada àkàrà la fẹ́ gbé kaná, òróró ò gbọdọ̀ mu ẹran. Páànù tí kò jìn ni, òróró tó kàn bo ojú rẹ̀ ló sì gbà. Kí iná má pọ̀. Ẹ kán ẹyin lílù díẹ̀ sínú rẹ̀ wò. Bó bá ń hó wúyẹ́wúyẹ́, ó tó. Bó bá wú tó sì pọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ yí iná wálẹ̀, kí ẹ gbé páànù kúrò díẹ̀. Ẹyin ò nílò iná ńlá. Bí ìgbóná rẹ̀ bá ti wà láàárín 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń dì. Ìgbóná tó bá ju èyí lọ kàn ń lé omi inú rẹ̀ jáde ni, tí ẹyin á fi gan, tí á sì máa rùn. Ẹran fẹ́lẹ́ náà ò gba ìyà púpọ̀.

Ẹ ri ègé ẹran sínú ẹyin, ẹ gbé e sókè kó ro, ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù láìká a. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ àìdúró ló ń ba jeon jẹ́ jù, kí èèyàn máa gbé e wò, kí ó máa tẹ̀ ẹ́, kí ó máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti dì, tí ojú òkè rẹ̀ ò sì ṣàn mọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ẹ yí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìṣẹ́jú kan sí i, ó ti tó. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gé ọ̀kan wò, kò yẹ kí pupa kankan kù nínú rẹ̀.

Ibi tí yóò ti ṣòro fún wa nìyí. Ojú wa ti mọ́ra pé ohun díndín gbọ́dọ̀ pọ́n. Dòdò gbọ́dọ̀ pọ́n, ẹran gbọ́dọ̀ pọ́n, ẹja gbọ́dọ̀ gan. Ní Kòríà, yukjeon tó bá pọ́n dúdú ti bàjẹ́ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ ẹyin ni wọ́n fẹ́ rí, rúsúrúsú, bóyá pẹ̀lú àmì díẹ̀ níbi tí òróró ti fọwọ́ bà á. Nígbà tí ọkàn yín bá ń sọ pé “ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i,” ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ yọ ọ́.

Ẹ fi tíṣù nu páànù kí ẹ tó fi òmíràn sí i, nítorí ìyẹ̀fun tó ti já sílẹ̀ á jó, á sì lẹ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀. Òróró tuntun díẹ̀, kí ẹ máa bá a lọ. Èyí tó ti jinná, ẹ má tò ó lé ara wọn nínú àwo, ooru rẹ̀ á mú ẹyin ṣí. Apẹ̀rẹ̀ ọparun ni wọ́n fi ń gbà á lọ́hùn-ún kí ooru lè ráyè jáde. Ajọ̀ mímọ́ ilé yín á ṣe é dáadáa.

Ohun tí wọ́n ń tọ́ ọ bọ̀ rọrùn. Ṣíbí ìjẹun méjì soy sauce, ọ̀kan fínígà, omi díẹ̀, ṣúgà díẹ̀, ata gígún bí ẹ bá ṣe lè jẹ ẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé yukjeon ga lójú tèmi ni àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́ ní gígùn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí ìta rẹ̀ dínkù kó sì ká jọ, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ fi soy sauce, fínígà, ata gígún àti òróró yànmọ̀tí díẹ̀ pò ó. Ẹ wọ́n yànmọ̀tí yíyan lé e. Yànmọ̀tí ò jìnnà sí wa, àwọn àgbẹ̀ Benue, Nasarawa àti Jigawa ń gbìn ín rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń bá ọkọ̀ òkun lọ sí òkèèrè kí àwa tó ronú kàn án. Ẹran gbígbóná, àlùbọ́sà tútù lórí rẹ̀, ẹ ká a pọ̀, ẹ jẹ ẹ́.

Ta ló máa kọ́kọ́ jẹ? Ẹni tó ń dín in ni. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ègé àkọ́kọ́ ló máa sọ fún un bóyá iyọ̀ tó, bóyá iná pọ̀, bóyá ẹran nípọn jù, gbogbo ìyẹn ló sì ṣeé tún ṣe nígbà náà. Ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí, àṣìṣe kan náà ló ń dín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àwọn yòókù wá bá a nílé ìdáná. Kí ẹnìkan máa pa ìyẹ̀fun, kí ẹnìkan máa rì í sínú ẹyin, kí wọ́n sì gba ipò ara wọn. Àwọn bàbá tó wà ní pálọ̀, rédíò yìí ò ní kú bí ẹ bá dìde.

Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi òróró tuntun gbóná rẹ̀. Páànù gbígbẹ, iná kékeré, ó ti tó. Àwọn ará Kòríà máa ń da jeon tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọdún sínú ìkòkò, wọ́n á fi omi àti ata sè é di ọbẹ̀ tó ta, ọbẹ̀ náà sì ní orúkọ tirẹ̀, jeon jjigae. Ní Jinju, ìlú kan ní gúúsù, wọ́n ń gé yukjeon tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí naengmyeon, núdù wọn tó ń wà nínú omi tútù tí wọ́n fi ohun inú òkun sè, oúnjẹ náà sì lókìkí káàkiri ilẹ̀ Kòríà. Ẹni tó bá wá gé tirẹ̀ lé Indomie láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ò rò pé ará Jinju kankan á bínú sí i.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ bindaetteok la máa sọ, nítorí náà ẹ ra ẹ̀wà sílẹ̀.